Àràmátù Alágbàfọ̀ àti Ọjọ́ Ìkẹyìn Owó-Orí

Ìtàn mi ṣàn wẹ́rẹ́ bí omi ọṣẹ, ó gba ojú gọ́tà kọjá, ó dé àdúgbò Akébé ní Libreville, ó bá Àràmátù alágbàfọ̀ nídìí okùn aṣọ rẹ̀.

Opó ni, ọmọ Ìsẹ́yìn ni. Ọkọ rẹ̀ ló mú un gba ojú òkun wá. Nígbà tí ọkọ kú, ó gbá ọpọ́n ìfọṣọ mú, kò sì jẹ́ kó bọ́. Aṣọ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ gẹdú ní Owendo ló ń fọ̀. Nígbà tí ilẹ̀ Gàbọ́ọ̀nù fi gba òmìnira, obìnrin mẹ́ta ló ń bá a ṣiṣẹ́. Angèle ló dàgbà jù nínú wọn. Bí Angèle bá fi áyọ́ọ̀nù eléèédú lọ aṣọ funfun, yóò dán bí eyín ọmọdé.

Ẹni tó bá sì gbani síṣẹ́, òfin dé bá a. Lọ́dọọdún, yóò lọ sí ilé-iṣẹ́ owó-orí, yóò ka orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ àti iye tó san fún wọn, wọn yóò kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù, wọn yóò lu òǹtẹ̀ lé e.

Ọdún kejì òmìnira ló kọ́kọ́ lọ. Bó ti wọlé, ẹnu yà á. Lórí àga tí òyìnbó máa ń jókòó sí, ọmọ dúdú bí tiwa ló wà níbẹ̀, ó de táì, òǹtẹ̀ wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀. Barthélemy ni wọ́n ń pè é. Àràmátù wò ó títí, ó gbàgbé ohun tó bá wá.

"Màmá, ẹ ṣeun tí ẹ tètè wá," ni Barthélemy wí. "Ọ̀la ló parí. Ìparí oṣù kẹta ni, bẹ́ẹ̀ ni yóò sì máa rí lọ́dọọdún. Ẹni tí ọjọ́ náà bá kọjá lórí rẹ̀, a ó lẹ ìwé pupa mọ́ ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Oṣù mẹ́ta gbáko, kò gbọdọ̀ ṣí i."

Àràmátù kò mọ ìwé. Òṣùpá ló mọ̀. Ó ronú padà sí ọjọ́ ìtúnu ààwẹ̀. Ọjọ́ tí a túnu ni ọjọ́ kìn-ín-ní, òní wá jẹ́ ìkẹtàlá. Ó dì í mọ́nú pé: ọjọ́ kẹtàlá ìtúnu, ilé owó-orí.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ọjọ́ kẹtàlá ìtúnu bá a lẹ́nu ọ̀nà wọn. Barthélemy ní, "Màmá, ẹ yá o!" Lọ́dún kẹta ó ní, "Ẹ̀yin lẹ ṣíwájú gbogbo ìlú!" Àràmátù na ọrùn bí àkùkọ lọ sílé.

Ọdún kẹta yẹn gan-an ni Òjó káfíńtà gbàgbé. Ọmọ Kétu ni Òjó, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí tirẹ̀. Wọ́n lẹ ìwé pupa mọ́ ọn. Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ dúró di ọ̀sẹ̀ kejì, ebi lé wọn lọ sí Owendo, wọn kò sì padà mọ́. Nígbàkígbà tí Àràmátù bá ń sá aṣọ, ìwé pupa náà ni ojú rẹ̀ ń bá. Yóò wo Angèle, yóò wo àwọn méjì yòókù, àyà rẹ̀ yóò já.

Ó wá di ọdún kẹrin. Ṣọ́jà ṣì wà ní oríta nítorí wàhálà tó ṣẹlẹ̀ nílùú lóṣù náà, ṣùgbọ́n ọjọ́ kẹtàlá pé, Àràmátù sì kọjá lára wọn. Barthélemy rí i, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Màmá! Fọ́ọ̀mù tọdún yìí kò tíì jáde!"

Ó ṣí ìwé ńlá kan, ó ń fi ìka tọ ọ́. "Lọ́dún àkọ́kọ́, ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù kẹta lẹ wá. Èkejì, ogúnjọ́. Ìkẹta, ọjọ́ kẹsàn-án. Òní, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù kejì nìyí. Ta ló ń bá yín ka ọjọ́?"

"Òṣùpá ni."

Barthélemy gbé bírò sílẹ̀. Ó yọ kàlẹ́ńdà lára ìṣó, ó ṣí i síwá, ó ṣí i sẹ́yìn. "Màmá, òṣùpá yín ń sáré ju ìwé yìí lọ. Lọ́dọọdún, á fi ọjọ́ mẹ́wàá tàbí mọ́kànlá ṣíwájú."

Àràmátù fi ọwọ́ mọ́ àyà. Òṣùpá tó tàn sí i lórí ní Ìsẹ́yìn, tó bá a wọ ọkọ̀ ojú omi, ṣé bó ṣe ń sá lọ láìdágbére nìyẹn? "Bó bá ń sáré báyìí," ó ní, "ṣebí yóò yí ọdún po, yóò tún ti ẹ̀yìn bá a?"

"Bẹ́ẹ̀ ni o. Ní nǹkan bí ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n."

"Lá ìláhà ìlá Láhù!" Gbogbo àwọn tó wà lórí ìlà yíjú wò ó. Nígbà tó mí délẹ̀, ó bi í pé ọjọ́ mélòó ló kù. Barthélemy ṣírò. Ó ní oṣù kejì ọdún yìí ní àlejò, ọjọ́ kan tí í yọjú lẹ́ẹ̀kan lọ́dún mẹ́rin. Àràmátù tún ya ẹnu. "Pẹ̀lú rẹ̀, ọjọ́ mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ló kù. Ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn ni fọ́ọ̀mù máa jáde. Ẹ má jẹ́ kó bọ́ mọ́ yín lọ́wọ́ o."

Àràmátù délé, ó fa àkísà ya, ó so tẹ́ẹ́rẹ́ kan mọ́ ìdí okùn aṣọ. "Òní, ọ̀kan." Ilẹ̀ mọ́, ó so òmíràn. "Méjì."

Òjó rí i láti ọ̀ọ́kán. "Ìyá alágbàfọ̀, ṣé o fẹ́ fi okùn mú ọjọ́ ni? Ọjọ́ kì í ṣe ewúrẹ́ o!"

"Òjó, ẹni tí wọ́n lẹ ìwé pupa mọ́, ẹnu rẹ̀ ló ṣì ń yọ̀ báyìí?"

"Ẹnu mi nìkan ni wọn ò rí lẹ̀ pa!"

Ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn dé, ó bá ọdún Àjíǹde pàdé. Gbogbo Kìrìsìtẹ́nì Akébé ló fẹ́ wọ funfun. Aṣọ ga dé àjà, kò sí ẹni tó ráyè yẹ ìdí. Àràmátù ní ọjọ́ kò tíì pé, òun yóò lọ lọ́jọ́ tó bá pé. Lọ́jọ́ Àìkú, Angèle àtàwọn yòókù lọ bá ẹbí wọn ṣọdún. Lọ́jọ́ Ajé, Àràmátù so àkísà kẹtàlélọ́gbọ̀n, ó wẹ̀, ó lọ.

Ilẹ̀kùn tì gbọin.

Benoît olùṣọ́ jókòó síbẹ̀, ó ń jẹ búrẹ́dì. "Màmá, ìjọba ò ṣiṣẹ́ lónìí. Ọdún la ṣì ń ṣe. Ẹ padà wá lọ́la."

"Ọ̀la kẹ̀? Òní ló parí!"

"Kí n wá fi eyín ṣílẹ̀kùn ni?"

Àràmátù jókòó sórí àtẹ̀gùn. Oòrùn gun orí, oòrùn yẹ̀, kò dìde. Ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ ló ń rí lójú ọkàn, ìwé pupa lára rẹ̀, àwọn obìnrin mẹ́ta tí wọ́n di ẹrù. Omi bọ́ lójú rẹ̀. Ìgbà tí wọ́n pe ìrun àsárì ló tó wọ́ ẹsẹ̀ lọ sílé.

Lọ́jọ́ kejì, òun ló ṣáájú gbogbo ènìyàn débẹ̀. Bí Barthélemy ti jókòó, Àràmátù fẹ́ kúnlẹ̀. Ọmọkùnrin náà fò dìde, ó dì í mú lápá.

"Màmá! Kí ló dé?"

"Ọjọ́ ti kọjá lórí mi, ọmọ mi. Àná ló pé mẹ́tàlélọ́gbọ̀n."

"Àná kọ́. Òní ni."

"Mo so ó mọ́ okùn!"

Barthélemy fa kàlẹ́ńdà wá, ó tún un kà. "Ọjọ́ wo lẹ so àkọ́kọ́?"

"Ọjọ́ tí a jọ sọ ọ́ níbí."

"Áà! Àwa kì í ka ọjọ́ yẹn. Ọ̀la rẹ̀ la fi ń bẹ̀rẹ̀."

Àràmátù wò ó bí ẹni rí iwin lọ́sàn-án. "Nílé wa, ọjà tí a bá ná lónìí, òní la fi í ṣe ọjọ́ kìn-ín-ní bí a bá ń ka ọrún ẹ̀. Oòrùn yọ lọ́jọ́ yẹn, ẹ jí, ẹ jẹun, ẹ bá mi sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀, ẹ wá ní ẹ ò kà á? Òní kì í ṣe ọjọ́ ni?"

Barthélemy wo kàlẹ́ńdà bí ẹni tí kò rí i rí. Ó fa fọ́ọ̀mù yọ. Àràmátù ka orúkọ àwọn obìnrin mẹ́ta náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Òǹtẹ̀ balẹ̀, gbàm!

Ó délé, ó bá àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ká ọwọ́ gbera. Ó na ìwé sókè. Angèle pariwo, ó sáré lọ bu èédú sínú áyọ́ọ̀nù.

Àràmátù jókòó ti ọpọ́n, ó ṣì ń mi orí. "Angèle," ó ní, "àṣé ọjọ́ tí kò tíì dé ni mo sunkún lé lórí."

Angèle ò gbọ́ Yorùbá. Ó kàn ń fẹ́ èédú, iná sì ràn.