Bàbá Fáìlì Tó Ń Gba Ìwé Ìjọba Padà Lọ́wọ́ Ọlọ́jọ̀jọ̀

Ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ rí ní ọ́fíìsì ìjọba wa ní Ìjẹ̀bú-Igbó, tí mi ò ní dárúkọ rẹ̀ nítorí ìtìjú, mọ ọ̀rọ̀ Alága ìjọba ìbílẹ̀ àti bẹ́ǹṣì. Olóògbé Hezekiah Oyètọ́lá, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Fáìlì, ló ń tọ́jú yàrá ìwé nígbà náà. Alága fúnra rẹ̀ wá gba fáìlì kan. Bàbá kò dìde lórí àga.

"Alága, fáìlì tí ẹ gbà ní ọjọ́ mọ́kànlélógójì sẹ́yìn ńkọ́?"

"Ó wà nílé."

"Ulé ta? Uwé ìjọba éè ní ulé méjì. Ẹ jókòó sórí bẹ́ǹṣì yẹn kí dírẹ́bà yín lọ gbé e wá."

Alága jókòó. Ó tó wákàtí kan tó fi wà láàárín àwọn ìyá tó wá gba ìwé ìbí, ó ń bá wọn gbé ọmọ. Nígbà tí dírẹ́bà dé, ó ní abẹ́ tẹlifíṣọ̀n lòun ti yọ fáìlì náà, torí ilẹ̀ pálọ̀ Alága kò tẹ́jú. Bàbá ṣí ìwé ńlá tó ń kọ wọlé-jáde fáìlì sí, ó sì kọ ọ́ síbi tí a ń kọ ìdí tí fáìlì fi pẹ́: "Alága fi ti ẹsẹ̀ tẹlifíṣọ̀n." Alága bẹ̀ ẹ́ kó pa á rẹ́. Bàbá ní ìjọba kò fún òun ní ohun ìparẹ́. Ó wà níbẹ̀ di òní, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tún kà á láàárọ̀ yìí ni.

Kò sẹ́ni tó ń rí ojú rere gbà nínú ìwé Bàbá. Lọ́jọ́ tí ìyàwó rẹ̀ ń ṣe ìdúpẹ́ ọgọ́ta ọdún ní ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà wa, bí àlùfáà ṣe pe ọgọ́ta, Bàbá dìde níwájú ìjọ, ó ní méjìlélọ́gọ́ta ni, pé òun rí i nínú ìwé. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ló fi ń tẹ ẹ̀bà fúnra rẹ̀. Ó sọ fún wa pé ẹ̀bà òun máa ń ní kókó, ṣùgbọ́n pé méjìlélọ́gọ́ta ṣì ni.

Kí n tó dé ibi tí ọ̀rọ̀ ti kàn mí, ẹ jẹ́ kí n sọ pé èmi Adéṣọlá ni olórí ẹ̀ka kọ̀ǹpútà. Ètò kan ló dé láti òkè, pé kí òṣìṣẹ́ ìjọba kọ́ bí a ṣe ń tọ́jú ìwé sínú ẹ̀rọ. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi dá mi lẹ́kọ̀ọ́. Mo padà dé pẹ̀lú sátífíkéètì, báàgì tuntun àti ìgbéraga. Wọ́n gbé kọ̀ǹpútà mẹ́fà tẹ̀lé mi, àwọn ọmọ iṣẹ́ kan sì bẹ̀rẹ̀ sí í ya àwòrán ìwé sínú wọn.

Bàbá dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Bí iná bá lọ ńkọ́?"

"A ní jẹnẹrétọ̀, Bàbá."

"Bí ẹ̀rọ yìí bá kú ńkọ́?"

"Kọ̀ǹpútà tòde òní kì í kú mọ́, sà."

"Adéṣọlá, ọdún kẹrìnlélọ́gbọ̀n mi rè é níbí. Mè é tíì rí ohun tí wọ́n gbé wọ ọ́fíìsì yìí tí éè kú."

A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Ọdún yẹn náà ni Bàbá fẹ̀yìn tì. Kò pé oṣù méjì lẹ́yìn tó lọ tí wọ́n ní ká palẹ̀ yàrá ìwé mọ́ fún ẹ̀rọ amúlétutù. Wọ́n bi mí bóyá gbogbo ìwé ti wọ kọ̀ǹpútà. Ọmọ iṣẹ́ ní ó ti wọ̀ ọ́. Mi ò ṣí ẹ̀rọ wò. Mo kọ lẹ́tà pé kí wọ́n kó ìwé dànù, mo sì buwọ́ lù ú. Ìwé ìbí gbogbo abúlé etí omi, láti Mákùn-Omi lọ, tó ti wà lọ́dọ̀ wa láti ayé àtijọ́, kò sí ọ̀kankan nínú wọn tó wọ kọ̀ǹpútà. Àpò mẹ́rìnlá ni wọ́n kó jáde, mo sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó gbé e.

Sharon, ọmọ-ọmọ Bàbá, ń kàwé ní yunifásítì ní Àgọ́-Ìwòyè. Bàbá lọ kí i, ọmọ náà sì ra ọ̀jọ̀jọ̀ gbígbóná fún un. Bàbá tú u, ó wo ìwé tí wọ́n fi dì í, ó gbé ọ̀jọ̀jọ̀ sílẹ̀. Ọmọkùnrin kan tí wọ́n bí ní Mákùn-Omi lọ́dún 1986 ló wà níwájú rẹ̀ tó rin fún epo. Ọwọ́ Bàbá fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́.

Ìyá Qowiyyu tó ń din ọ̀jọ̀jọ̀ náà kò mọ̀ pé òun ń bá ìjọba jà. Ó ní òun àtàwọn ẹgbẹ́ òun ló pín àpò náà láàárín ara wọn.

"Ẹ kó uwé yìí fún mi, ìyá."

"Kí ni mo wá fẹ́ fi di ọjà?"

"Màá kó ìwé ìròyìn fún yín."

"Ìwé ìròyìn rọ̀, Bàbá, epo ń là á kọjá. Ìwé ìjọba yín ló le."

Ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n fi nájà. Níkẹyìn wọ́n fẹnu kò sí i: ìwé ìròyìn méjì fún ìwé ìjọba kan, kí Bàbá sì máa ra ọ̀jọ̀jọ̀ lé e. Dókítà ti ní kó má jẹ epo, nítorí náà àwọn ọlọ́kadà ìkóríta ló ń jẹ ẹ́. Wọ́n sọ ọ́ ní Alhaji Ọ̀jọ̀jọ̀, tòun ti bó ṣe jẹ́ pé òun ló ń gbé àwo ọrẹ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Kò pẹ́ tí ọlọ́kadà fi ń bá a wá ìwé kiri ọ̀dọ̀ ẹlẹ́pà àti oníbúrẹ́dì, bí wọ́n bá ti rí òǹtẹ̀ ìjọba, wọ́n á gbé e wá fún un.

Ọjọ́ kan ló wọ ọ́fíìsì mi. Ó mú ìwé ńlá tuntun dání, ó ti fi rúlà fa ìlà mẹ́rin sí i: ìwé wo, ibi tí a ti rí i, ọjọ́ wo, kí ló fà á tó fi sọnù.

"Adéṣọlá, ìlà kẹrin yìí ni mo bá wá. Ta ló buwọ́ lù ú?"

Mo mọ̀ pé ohun tí Bàbá bá kọ kì í parẹ́. Mo rí orúkọ mi níbẹ̀, tí ọmọ mi á wá kà á lọ́jọ́ kan, tí wọ́n á máa fi mí ṣẹ̀fẹ̀ bí wọ́n ṣe ń fi Alága ṣe é.

"Mi ò mọ̀, Bàbá."

Ó wò mí, ó dé bíró rẹ̀. "Ó dáa. Màá wá a."

Ojú tì mí, ó ń tì mí títí di ìsinsìnyí. Ọdún mẹ́ta ni mo fi yẹra fún un. Tí mo bá rí i lọ́ọ̀ọ́kán ní Òkè-Sopẹ́n, ọ̀nà míì ni mo máa ń gbà. Síbẹ̀, bí ará etí omi bá wá béèrè ìwé ìbí, tí kọ̀ǹpútà sì ní òun kò mọ̀ ọ́n, mo máa ń rọra júwe ilé Bàbá fún wọn. Abibat, ọmọ apẹja tó fẹ́ wọṣẹ́ nọ́ọ̀sì, lọ. Bàbá wọ síńgílẹ́ẹ̀tì jáde, ó fi áyọ́ọ̀nù lọ ìwé rẹ̀, ó ní, "Epo tó kán sórí orúkọ bàbá rẹ rè é. Má bínú, a ṣì lè kà á." Abibat sọ fún mi pé òun sunkún.

Bàbá kú lóṣù kẹta tó kọjá. Lẹ́yìn ìsìnkú, ọmọ rẹ̀ Ògoolúwa gbé páálí mẹ́ta wá bá mi, ó ní Bàbá ní èmi ni kí wọ́n kó o fún. Ìwé ìbí ló kún inú wọn, gbogbo rẹ̀ ti gba áyọ́ọ̀nù, wọ́n tò lọ́dún-lọ́dún. Ìwé ńlá náà wà lórí wọn. Mo ní kí gbogbo èèyàn bọ́ síta. Mo ti ilẹ̀kùn. Ìlà kẹrin ni mo kọ́kọ́ wò.

Òjò. Òun ló kọ síwájú ìwé àkọ́kọ́. Òjò. Òjò. Mo ṣí i títí, ẹgbẹ̀rún kan ó lé, òjò ni gbogbo rẹ̀. Kò sí ẹ̀kán omi kan tó kán sínú yàrá yẹn rí, torí Bàbá fúnra rẹ̀ ló máa ń gun òrùlé lọ lẹ̀ ẹ́. Mo rò pé kò rí ẹni tó buwọ́ lù ú ni. Àfi ìgbà tí mo dé nọ́ḿbà 288: "Lẹ́tà. Ọ̀dọ̀ Ìyá Qowiyyu. Òjò." Mo wá a nínú páálí. Ẹ̀dà lẹ́tà mi ni, tó bá àpò lọ, pẹ̀lú orúkọ mi àti ìbuwọ́lù mi gbàgàdà, epo yí i ká. Ọjọ́ tó kọ síbẹ̀ jẹ́ oṣù kan ṣáájú ọjọ́ tó wá bi mí.

Bàbá tí kò lè fi ọdún méjì jin ìyàwó tirẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín, ẹkún sì gbà á lẹ́nu mi. Nígbà tó ṣe, mo mú bíró, mo kọ ọ́ sábẹ́ ìlà tó gbẹ̀yìn pé kì í ṣe òjò, èmi ni, mo sì kọ orúkọ mi tán pátápátá. Bí Bàbá bá wà láyé ni, inú á bí i sí mi pé mo kọ nǹkan sínú ìwé rẹ̀ láìgbàṣẹ.