Ilẹ̀ Tí Mo Fi Pamọ́ De Ọmọ Mi

Láti ìgbà tí lọ́yà ti sọ fún mi pé ó yẹ kí ọmọ mi fọwọ́ sí ìwé ilẹ̀ tí mo fẹ́ ṣe, kí ẹnikẹ́ni má baà fa wàhálà lẹ́yìn ikú mi, ara mi kò balẹ̀ mọ́. Màá jókòó, màá dìde. Màá lọ sí ẹnu géètì bí ẹni ń retí àlejò, màá tún padà wọlé. Ìyàwó mi ní, "Dádì, ẹ jókòó jàre, òòyì ti ń kọ́ mi." Mo ní kó má wo ọ̀dọ̀ mi mọ́.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni. Lẹ́yìn ìlú Iyere ló wà. Mo rà á nígbà tí mo ṣì ń ṣiṣẹ́ ìjọba, tí ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí a bí ṣì wà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Mi ò fi búlọ́ọ̀kù kan lé e rí. Mo gba obìnrin kan láyè láti máa gbin gbágùúdá síbẹ̀, ṣùgbọ́n mo kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ gbin obì tàbí kòkó, nítorí ẹni tó bá ti gbin igi sórí ilẹ̀ onílẹ̀, ọjọ́ tí yóò kúrò níbẹ̀ ṣì jìnnà. Èmi gan-an kò gbin igi kankan síbẹ̀. Ojú ibi tí ilé ọmọ mi yóò wà ni.

Kánádà ni ọmọ náà wà báyìí. Ọdọọdún ló ń bọ̀ wá kọ́lé, ọdọọdún náà ni nǹkan ń dí i lọ́wọ́.

Àwọn sísítà Ìjọ Àgùdà kan wà nílùú wa tí wọ́n ń tọ́jú àwọn arúgbó tí kò ní ẹnìkan. Ayálégbé ni wọ́n, onílé sì ti ní kí wọ́n máa lọ. Lọ́jọ́ tí mo bá ọ̀rẹ́ mi lọ kí wọn, tí mo rí bí wọ́n ṣe há àwọn ìyá arúgbó mọ́ra nínú yàrá kan, mo ti pinnu kí n tó délé. Mo ní àwọn ni màá fi ilẹ̀ Iyere ta lọ́rẹ. Mo sì fẹ́ ṣe é nígbà tí ojú mi ṣì là, torí mo mọ ohun tí ìwé ìhágún ń fojú rí lọ́wọ́ àwọn ẹbí.

Ìyàwó mi kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin Àǹglíkà paraku ni ẹ fẹ́ fún Àgùdà nílẹ̀? Bíṣọ́ọ̀bù á gbọ́ o!" Ẹ̀rín náà kò pẹ́. Ó fi èdè ìlú wa béèrè pé, "Ọma mi ńkọ́? Ibo ló máa kọ́ ulé sí?"

Ìbéèrè yẹn ló lé mi kúrò lórí àga. Gbogbo ọ̀sẹ̀ náà ni mo fi ń bá ọmọ náà jiyàn nínú ọkàn mi. Ó máa ní àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Màá ní ilé tí mò ń gbé yìí, ta ló ni ín bí kì í ṣe òun? Ó máa ní ilé bàbá ẹni yàtọ̀ sí ilé tí èèyàn fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́. Mo ń fá irùngbọ̀n lọ́wọ́, mò ń jiyàn, mo fi abẹ gé ara mi lágbọ̀n. Mo wa mọ́tò dé Iyere, mi ò sọ̀kalẹ̀, mo yí i padà. Inú bí mi sí lọ́yà, inú bí mi sí àwọn sísítà tí wọn ò ṣe mí ní nǹkan kan.

Lọ́jọ́ Àìkú, nígbà tí a ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, mo pe ọmọ mi lórí fóònù, mo jẹ́ kí ohùn rẹ̀ jáde síta. Ìyàwó mi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fíríìjì, ó ń nu àwo tó ti gbẹ. Mo ṣàlàyé. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ibi tí mo ti ń sọ pé mo mọ̀ pé inú rẹ̀ ò ní dùn ni ó já lu ọ̀rọ̀ mi.

"Rárá o, Dádì. Ẹ fún wọn. Ẹ fi ìwé yẹn ránṣẹ́, màá sáìn ín lónìí."

Mo ní ṣé ó gbọ́ mi dáadáa? Ilẹ̀ Iyere ni mò ń wí.

"Mo gbọ́ yín, Dádì. Ohun tó dáa lẹ fẹ́ ṣe." Ohùn rẹ̀ fúyẹ́ bíi ti ẹni tí wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀ fún. "Tí ẹ bá sì tún fẹ́ fi ilé tí ẹ̀ ń gbé yẹn náà sí i nígbà tó bá yá, kò burú. Ẹ kàn sọ fún lọ́yà, ká sáìn ín pọ̀ lẹ́ẹ̀kan."

Ìyàwó mi dẹ́kun àwo nínù.

Gbogbo èsì tí mo ti kó jọ, kò sí èyí tó wúlò. Ìjà ni mo fẹ́. Mo fẹ́ kó pariwo mọ́ mi, kó ní ọjọ́ ogbó ti ń dà mí lórí rú, kó bi mí pé ibo ni kí òun kọ́lé sí. Ó dùn mí wọra. Mo ní ìyá rẹ̀ ń kí i, mo na fóònù sí ìyàwó mi.

Kò kí i. Ó ní, "Ọma mi, ṣé o ò ní wá sí ulé mọ́ ni?"

Ọmọ náà ní nẹ́tíwọ̀kì ò dáa, pé òun ò gbọ́ ohun tí Mọ́mì sọ. Àwa sì ń gbọ́ bó ṣe ń mí ketekete.