Àdúrà fún Aṣọ́lé Kejì

Bí ẹnikẹ́ni bá ti sọ fún mi pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí màámi yóò máa ka ipò àwọn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù erékùṣù Malta bí ẹni ń ka orúkọ àwọn àbúrò wọn, ǹ bá ní kó lọ sùn. Wọ́n wá bá mi tọ́jú ìkókó ni, ní Hillcrest Heights, ní Maryland ní Amẹ́ríkà níbí. Wọ́n dé nígbà tí ewé ń wọ́ dànù lára igi. Wọ́n bú òtútù, wọ́n bú ọkọ mi tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń wẹ ọmọ, wọ́n sì bú àdúgbò tí ènìyàn kò ti lè fẹsẹ̀ rìn lọ kí ẹnikẹ́ni. Ohun kan ṣoṣo tí wọn ò bú ni tẹlifíṣọ̀n wa ní àárọ̀ Sátidé, torí inú rẹ̀ ni àbúrò mi wà.

Àbúrò mi yìí ni àbígbẹ̀yìn wa. Aṣọ́lé ni, kípà nínú bọ́ọ̀lù. Ẹgbẹ́ kan ní líìgì àgbà Malta ló gbà á, ẹgbẹ́ tí kì í fi bẹ́ẹ̀ borí ẹnikẹ́ni. Ilẹ̀ náà kéré débi pé pápá mélòó kan péré ni gbogbo ẹgbẹ́ jọ ń lò, bí ayálégbé ṣe ń pín balùwẹ̀. Síbẹ̀, ibẹ̀ ni oúnjẹ rẹ̀ wà. Òpin sáà ni àdéhùn rẹ̀ yóò parí. Bí ẹgbẹ́ náà bá dúró sí líìgì àgbà, wọ́n ní àwọn lè tún un ṣe fún un. Bí wọ́n bá já bọ́ sí ìpele kejì, ó parí nìyẹn, ìwé ìgbélùú rẹ̀ yóò sì bá a lọ. Kò mọ iṣẹ́ mìíràn, bọ́ọ̀lù ló mọ̀ láti kékeré. Èmi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí mo wà ní Amẹ́ríkà, tí gbogbo ilé rò pé mo lè ṣe nǹkan, mi ò lè ṣe ohunkóhun.

Tí ọ̀sán bá ti pọ́n lọ́dọ̀ tiwọn, àárọ̀ ni lọ́dọ̀ tiwa. Màámi á ti kírun, wọ́n á ti pọn ọmọ, wọ́n á jókòó sí etí àga. Kámẹ́rà kan ṣoṣo ló máa ń wà ní pápá náà, ibi tí bọ́ọ̀lù bá lọ ló sì ń tẹ̀ lé. Bí bọ́ọ̀lù ò bá dé ọ̀dọ̀ àbúrò mi, a ò ní rí i. Màámi wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà pé kí bọ́ọ̀lù máa lọ sọ́dọ̀ rẹ̀.

“Màámi, ẹ má gba irú àdúrà yẹn mọ́, ẹ jọ̀ọ́. Bí bọ́ọ̀lù bá lọ síbẹ̀, wọ́n fẹ́ score ẹ̀ ni.”

“Ṣé kí n má rí ọmọ mi ni?”

Mo gba ọmọ lẹ́yìn wọn, mo bọ́ sí kíṣìnì.

Lẹ́yìn ọdún tuntun, a tan tẹlifíṣọ̀n lọ́jọ́ kan, ẹlòmíràn ló dúró síwájú àwọ̀n. Ọmọ ìlú wọn ni, irun rẹ̀ gùn dé èjìká, ó fi ọ̀já dì í. Màámi sọ ọ́ ní Onírun lójú ẹsẹ̀. Mo pe àbúrò mi lẹ́yìn eré.

“Àǹtí mi, no wahala. Kóòṣì kàn fẹ́ try ẹlòmíì ni,” ló wí, ó sì yára béèrè ọmọ lọ́wọ́ mi. Ó gbé fóònù sún mọ́ ojú tímọ́tímọ́, a ò rí ju imú àti iwájú orí rẹ̀ lọ.

Sátidé kejì, Onírun ni. Sátidé tó tẹ̀ lé e, Onírun náà ni. Màámi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣépè fún ọmọ ọlọ́mọ. Bí bọ́ọ̀lù bá ti ń lọ sọ́dọ̀ rẹ̀, wọ́n á na ọwọ́ sí tẹlifíṣọ̀n: “Yóò yọ̀ bọ́! Yóò yọ̀ bọ́ ni!” Ó sì máa ń yọ̀ bọ́ lóòótọ́. Ẹgbẹ́ náà ń rá lọ sí ìsàlẹ̀ pátápátá, màámi sì ń dunnú, bí ẹni pé kì í ṣe ọmọ tiwọn náà ni yóò jìyà rẹ̀.

“Àbúrò ẹ ti ṣẹ ọ̀gá ẹ̀,” ni wọ́n sọ fún mi níjọ́ kan. “O ò mọ̀ ọ́n ni? Ẹnu ẹ̀ máa ń yá jù. A máa bẹ̀ ẹ́ ni.”

“Ta la máa bẹ̀?”

“Kóòṣì ńkọ́? Ìwọ ṣáà lẹ̀gbọ́n. Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́.”

“Màámi, wọn kì í ṣe bẹ́ẹ̀ níbẹ̀. Professional ni wọ́n. Ẹ máa embarrass ọmọ yẹn.”

“Òyìnbó ò lọ́kàn ni? Ẹ̀bẹ̀ là ń bẹ òṣìkà kó tú ìlú ẹ̀ ṣe.”

Ó yé mi. Nílé wa, bí ọ̀gá bá lé ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́, ẹbí á kó ara wọn jọ lọ kúnlẹ̀ fún un. Ọ̀gá á ṣe bí ẹni tí kò ní gbà, kó tó wá gbà. Màámi ti bá ọ̀pọ̀ ọmọ nínú ẹbí ṣe irú ìrìn bẹ́ẹ̀, kò sì sí ọ̀gá tó lé wọn padà rí. Mo jiyàn títí ó fi sú mi. Mo kọ̀wé sí ẹgbẹ́ náà lórí ayélujára, mo rò pé wọn ò ní dáhùn. Kóòṣì fúnra rẹ̀ ló pè mí, ní fídíò, bí mo ṣe ń fún ọmọ lọ́mú.

Kí n tó yanu kí i, màámi ti wà lórí ìkúnlẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì, wọ́n pa ọwọ́ méjèèjì pọ̀: “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ foríjì í. Ọmọdé ló ń ṣe é. Ẹ má wo tiẹ̀, ẹ wo tèmi.” Ọkùnrin náà, tó ti ń hewú, dìde dúró lọ́dọ̀ tirẹ̀. “Please, tell her to get up,” ló ń wí fún mi. Ojú rẹ̀ pọ́n wẹ̀ẹ̀.

Ó wá sọ fún mi pé òun ò bínú sí ẹnikẹ́ni. Iṣan ìka ọwọ́ àbúrò mi ló já nígbà tí wọ́n ń gbáradì. Wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, kò sì lè di bọ́ọ̀lù mú mọ́ títí sáà yóò fi parí. Àbúrò mi fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n má jẹ́ kí ilé gbọ́. Bí ẹgbẹ́ bá dúró sí líìgì àgbà, òun kóòṣì yóò bá àwọn aláṣẹ sọ̀rọ̀ kí wọ́n dá a dúró di sáà tó ń bọ̀.

“Kí ló wí?” Màámi ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀. “Ṣó ti gbà?”

Mo sọ ọ́ fún wọn. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ bi mí ni pé ta ló ń bá a fọ aṣọ. Mo sunkún lọ́jọ́ náà, ẹkún ìbínú sì ni. Wọ́n fi abẹ kan ọmọ ìyá mi lára, àlejò ló wá ń sọ ọ́ fún mi.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wá dé ni pé ọwọ́ Onírun ni oúnjẹ àbúrò mi wà. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, bí bọ́ọ̀lù ṣe ń lọ sọ́dọ̀ rẹ̀, màámi ti na ọwọ́ kí wọ́n tó rántí. Wọ́n fà á padà bí ẹni fọwọ́ kan ìkòkò gbígbóná. “Ọlọ́run, má gbọ́ ti ìṣáájú,” ni wọ́n ń wí. “Ti ìsinsìnyí ni kó o gbọ́.” Ọkọ mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Èmi náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rù ń bà mí, torí mo mọ irú ẹnu tí màámi ní.

Láti ọjọ́ náà, Onírun di “ọmọ mi”. Wọ́n ń gbàdúrà fún ìka rẹ̀, fún orúnkún rẹ̀, fún ìyàwó rẹ̀ bó bá ní. Bí àbúrò mi bá pè, wọ́n á bi í pé, “Ọmọ mi yẹn ńkọ́, ṣó ń jẹun?”

“Màámi, èwo nínú wa gan-an lọmọ yín?” lòun náà á dáhùn. Ó ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ò dùn mọ́.

Ẹ pè é ní àdúrà, ẹ pè é ní ìdánrawò, èmi ò mọ̀. Onírun bẹ̀rẹ̀ sí í di bọ́ọ̀lù mú. Nígbà tó fi di eré ìkẹyìn, ọ̀mì ti tó láti gbà wá là. Kí eré náà tó bẹ̀rẹ̀, màámi jẹ́ ẹ̀jẹ́ pé bí ẹgbẹ́ bá dúró, àwọn yóò din àkàrà sàráà lọ sí mọ́ṣáláṣí. Ó ku díẹ̀ kí eré parí, tí ẹnikẹ́ni ò tíì gbá a wọlé, ni wọ́n fún àwọn ẹgbẹ́ kejì ní pẹnáríti. Màámi sá wọ yàrá. Èmi wò ó. Onírun fò sí apá òsì, bọ́ọ̀lù bà á láyà, ó dì í mọ́ra, ó sì dùbúlẹ̀ lé e lórí. Mo pariwo, ọmọ jí, ọkọ mi gbé mi sókè. Nígbà tí fèrè dún, gbogbo wọn sáré wọ pápá, mo sì rí àbúrò mi láàárín wọn. Ọwọ́ kan ló fi dì mọ́ Onírun.

Àárọ̀ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e la din àkàrà. Nínú ilé, ẹ̀rọ tó máa ń ké nítorí èéfín ti ké mọ́ wa lórí, nítorí náà ẹ̀yìnkùlé la gbé sítóòfù gáàsì sí. Ibẹ̀ la wà tí àbúrò mi fi pè.

“Àǹtí mi, wọ́n pè mí sí office lónìí. Wọ́n ti sign bọ̀bọ́ yẹn, ọdún méjì. Wọ́n ní òun ló gba àwọn là. Wọ́n ní àwọn ò need kípà méjì, pàápàá ẹni tọ́wọ́ ẹ̀ ò tíì jiná. Kóòṣì bẹ̀ wọ́n o. Wọn ò gbà.”

“Ìwé ẹ ńkọ́?”

“Ó máa tó expire. Mò ń lọ sílé nìyẹn.”

Ṣé kí n ní kó máa bọ̀ ní Maryland ni? Ìwé wo ni yóò fi wọlé? Mo ní, “Pẹ̀lẹ́.” Pẹ̀lẹ́ ni gbogbo ohun tí mo ní.

Màámi ti gbọ́. Wọ́n ní kí n tún un sọ, mo tún un sọ. Àkàrà inú epo ń dúdú lọ. Mo na ọwọ́ láti pa iná, wọ́n gbá ọwọ́ mi.

“Màámi, kí la ń dúpẹ́ fún báyìí?”

“Ohun tí mo tọrọ náà ni Ọlọ́run fún mi. Ẹ̀jẹ́ ni mo jẹ́. Mi ò sọ pé bó bá tẹ́ mi lọ́rùn.”

Wọ́n kó èyí tó jóná sọ nù, wọ́n da tuntun sínú epo. Wọ́n ń sunkún, wọn ò sì fi pa mọ́ fún mi.

Lẹ́yìn ìrun ní mọ́ṣáláṣí, a pín àkàrà náà. Àwọn tó ń wa takisí, àwọn nọ́ọ̀sì, àwọn ọmọ yunifásítì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ilé, gbogbo wọn ń jẹ, wọ́n ń kí màámi. Alfa, ọmọ Ìbàdàn, bi wọ́n pé kí ni kóun gbàdúrà lé lórí.

“Aṣọ́lé kan ni, Alfa, nínú bọ́ọ̀lù. Iṣẹ́ fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀, Ọlọ́run ò gbà.”

Alfa rò pé ọmọ wọn ni, kò mọ̀ pé Onírun ni. Ta ni kò ní rò bẹ́ẹ̀? Ó gbé ọwọ́ sókè. “Kí Ọlọ́run fẹsẹ̀ ẹ̀ múlẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ náà. Ẹni tó bá ń lépa ipò ẹ̀, kí Ọlọ́run má jẹ́ kọ́wọ́ onítọ̀hún tó o láéláé.”

Mo wo màámi, mo rò pé wọ́n á dá a dúró. Gbogbo ènìyàn ṣe àmín, tàwọn tàkàrà lẹ́nu. Màámi náà ṣe àmín, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì nu ojú, wọn ò sì tètè gbé ọwọ́ náà kúrò.