Ohun Tí Bàámi Sọ Létí Òkun

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fún mi láyè kí n ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀ sí èmi àti Bàámi, torí láti ọjọ́ náà ló ti ń jẹ mí lọ́kàn. Ẹ má bínú tó bá gùn díẹ̀.

Oníredíò ni Bàámi. Kì í ṣe ti ilé iṣẹ́ rédíò o! Àwọn tó gba láísẹ́ńsì láti máa fi rédíò tara wọn bá ẹlòmíràn sọ̀rọ̀ káàkiri ayé ni mò ń wí. Bí wọ́n bá ti dé láti ibi iṣẹ́ ìjọba ní Odogbolu, ìdí rédíò ni wọ́n ń gbà lọ. Mọ́ọ̀sì ni wọ́n fẹ́ràn jù, ìyẹn ìró kúkúrú àti ìró gígùn tó dúró fún lẹ́tà. Ọwọ́ òsì ni wọ́n fi ń tẹ bọ́tìnnì rẹ̀, kí ọwọ́ ọ̀tún lè ráyè kọ̀wé. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ni wọ́n kọ́. Èmi ńkọ́? Ẹ̀yìn àga ni mo máa ń jókòó sí, tí mò ń gbọ́. Wọn ò mọ̀ pé mo mọ̀ ọ́n.

Nígbà tí rọpárọsẹ̀ dé, ó mú ọwọ́ ọ̀tún wọn, ó sì mú ohùn wọn lọ. Wọ́n ṣì wà lọ́sibítù ní Ìjẹ̀bú-Òde nígbà tí Màámi kú lójijì nílé.

Ẹ ṣáà mọ bí a ṣe ń ṣe. A kì í túfọ̀ fún aláìsàn. Àwọn ẹbí ní ká má sọ ọ́, kó má lọ di òkú méjì. A sin Màámi, a sì sọ fún Bàámi pé Màámi lọ bá àbúrò mi wẹ ọmọ ní Adó-Èkìtì. Ọmọ wo ni wọ́n ń wẹ̀ títí tó fi ń rìn? Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, Bàámi ò fojú bi wá léèrè mọ́. A ń dúpẹ́ pé bóyá wọ́n ti gbàgbé.

Rédíò nìkan ló kù tí wọ́n ń nawọ́ sí. Wọ́n á jókòó tì í, wọ́n á máa wá ọ̀rẹ́ wọn kan ní Bràsíl tó ń jẹ́ Paulo, ẹni tí wọ́n ti ń bá sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó bí mi. Ariwo ṣáá ni rédíò náà ń mú wá. Ínfátà aládùúgbò, jẹnẹrétọ̀ ọ̀ọ́kán, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tó yí wa ká, wọn ò jẹ́ kí ìró ọ̀nà jíjìn wọlé. Wọ́n á tẹ bọ́tìnnì títí, ẹnikẹ́ni ò ní dáhùn. Ó máa ń dùn mí wọra.

Mo wá rántí pé wọ́n máa ń sọ tẹ́lẹ̀ pé kò sí ibi tó dà bí etí òkun fún áńtẹ́nà tó dúró lóòró. Ilẹ̀ tiwa níbí ń fa agbára rẹ̀ mu ni. Omi iyọ̀ ò ṣe bẹ́ẹ̀. Ńṣe ló ń ràn án lọ́wọ́, tí ìró náà á fi rọra fò lọ lójú omi títí dé ọ̀nà jíjìn. Bràsíl sì rèé, òdìkejì òkun gan-an ló wà. Mo ní kí Bàámi jẹ́ ká lọ. Wọ́n fi orí dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni.

Ọ̀nà Ẹ̀pẹ́ la gbà jáde sí etí òkun, èmi, Bàámi, àti Bọ̀dá Sámì, awakọ̀ tí a háyà. A so wáyà mọ́ ọ̀pá ìpẹja gígùn kan, a rì í mọ́ iyanrìn nítòsí ibi tí omi ń dé, a sì tẹ́ wáyà yòókù yí ìdí rẹ̀ ká. Bọ̀dá Sámì ní, "Àǹtí, ẹja wo lẹ fẹ́ fi eléyìí pa?" Bàámi rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí mo ti rí ẹ̀rín wọn.

A tan rédíò. Gbogbo ariwo ìlú ti lọ. Bàámi fi ọwọ́ òsì tẹ orúkọ tí wọ́n ń jẹ́ lórí afẹ́fẹ́. Kò pẹ́, Paulo dáhùn! Ó ń dún ketekete bí ẹni tó wà lẹ́yìnkùlé wa. Ó ní òun ti rò pé òun ò ní gbúròó wọn mọ́. Bàámi sọ fún un pé àìsàn ni. Paulo wá béèrè pé, ìyàwó ńkọ́?

Ẹ̀rù bà mí. Ṣé wọ́n máa ní ó lọ wẹ ọmọ ni?

Gẹ̀ẹ́sì kúkúrú ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ohun tó já sí ni pé: ó ti dákẹ́.

Bàámi ń tẹ̀ ẹ́ lọ. Pé ó kú nígbà tí òun wà lọ́sibítù. Pé àwọn ọmọ ní ó rìnrìn àjò, ṣùgbọ́n kò sí ibi tí obìnrin yẹn lè lọ tí kò ní pe òun. Pé òun ń ṣe bí ẹni tí kò mọ̀, torí ojú àwọn ọmọ náà ti rí tó. Pé òun ò tíì ráyè sunkún rẹ̀, torí ẹnìkan máa ń wà lọ́dọ̀ òun ṣáá.

Paulo ní kí ọ̀rẹ́ òun sunkún báyìí, pé òun wà níbẹ̀. Bàámi wẹ̀yìn, wọ́n rí mi. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ fún Paulo pé ó di ọjọ́ mìíràn, ọmọ òun wà nítòsí.

Mi ò lè mú un mọ́ra mọ́. Mo kúnlẹ̀ síwájú wọn lórí iyanrìn, mo fi ìka tẹ Mọ́ọ̀sì sórí orúnkún wọn, díẹ̀díẹ̀, mo tiẹ̀ ṣì í tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan: Mo gbọ́, Bàámi.

Wọ́n wò mí títí. Wọ́n sì bú sẹ́kún. Ohùn tó ti lọ láti ọjọ́ àìsàn náà, ẹkún ló mú un jáde. Kò ní ọ̀rọ̀ kankan nínú.

Ẹ̀kọ́ wo ni mo kọ́? A rò pé àwa là ń tọ́jú Bàámi, àṣé àwọn ló ń tọ́jú wa, wọ́n sì ń dá ìbànújẹ́ náà gbé. Ẹ̀yin ńkọ́? Ṣé irú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ nílé yín rí? Ta lẹ fi òkú pamọ́ fún? Ẹ kọ tiyín sísàlẹ̀, mo fẹ́ kà á. Tó bá sì jẹ́ pé ẹ ṣì ń fi pamọ́ lọ́wọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ sọ ọ́. Koríko ti hù lórí sàréè Màámi kí a tó jẹ́ kí ọkọ wọn sunkún wọn.