Bàbá Mi Ro Ẹ̀yìnkùlé, Gbogbo Àdúgbò Sì Kí I

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Iléṣà, tí ewé iṣu tó gun igi ṣì ga jù mí lọ, ẹ̀yìnkùlé ni a ti máa ń wá ìyá mi bí a kò bá rí i nínú ilé. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ẹ dàgbà lásìkò yẹn, ẹ ó rántí irú ọgbà bẹ́ẹ̀. Tẹ̀tẹ̀ lápá kan, ṣọkọ lápá kan, ata wẹ́wẹ́ lẹ́bàá kànga, igi ìbẹ́pẹ tí ẹyẹ máa ń bá wa jẹ nínú èso rẹ̀, àti ẹ̀fọ́ odù tí ẹnikẹ́ni kò gbìn, tó kàn ń hù fúnra rẹ̀ níbi tó bá wù ú.

Iṣẹ́ ọmọdé pọ̀ níbẹ̀. Agolo mílíìkì tí a fi ìṣó lu nídìí la fi ń bomi rin ẹ̀fọ́. A máa ń ru ìgbẹ́ adìyẹ láti ilé kejì, òórùn rẹ̀ a sì bá wa dé iléèwé lọ́jọ́ kejì. Ìyá mi kì í pariwo mọ́ wa. Bí o bá tẹ ẹ̀fọ́ mọ́lẹ̀, yóò ní, “Ìwọ náà ló máa jẹ ẹ́.” Lóòótọ́, ewé tó fọ́ yẹn ni wàá bá nínú ọbẹ̀ tìrẹ.

Ṣùgbọ́n ohun tó ṣọ̀wọ́n jù nínú ọgbà yẹn ni iṣu. Kì í ṣe iṣu ọjà. Ìyá ìyá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Yèyé, ló ń gbìn ín lóko wọn lẹ́bàá Ìkejì-Arákejì, ọwọ́ ìyá tirẹ̀ ni òun náà sì ti gbà á. Iyán rẹ̀ funfun, kì í ní kókó. Bí a bá sun ún, òórùn rẹ̀ a máa pe àwọn ọmọ ilé kejì wá jókòó tì wá láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ránṣẹ́ sí wọn. Nígbà tí Yèyé kú, àwọn àbúrò ìyá mi ọkùnrin pín oko náà, wọ́n sì gbin kòkó sí gbogbo rẹ̀. Ẹ̀bù tí ìyá mi dì sínú apẹ̀rẹ̀ wálé lẹ́yìn ìsìnkú nìkan ló ṣẹ́ kù nínú irú iṣu yẹn. Bí tiwa bá parun, ó parun nìyẹn. Èmi tí mo jẹ́ ọmọdé mọ èyí.

Ìyá mi kì í wà á bí wọ́n ṣe ń wa iṣu lásán. Bí òjò bá ti mú ilẹ̀ rọ̀ dáadáa, tí ọ̀fun ti ń retí iṣu tuntun, yóò lóṣòó sídìí ebè, yóò fi ọwọ́ ya ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan, yóò wá iṣu náà kàn nínú ilẹ̀, yóò gé e kúrò lábẹ́ orí, yóò sì da yẹ̀pẹ̀ padà bò ó. Orí iṣu àti gbòǹgbò rẹ̀ àti ìtàkùn tó wà lórí igi, kò ní yọ wọ́n lẹ́nu. Kí ọyẹ́ tó dé, orí yẹn yóò ti ta ọmọ iṣu mìíràn sínú ilẹ̀, àwọn yẹn ni a ó sì gbìn lọ́dún tó ń bọ̀. “Bí a ti ń jẹ ẹ́ la ń pa á mọ́,” bẹ́ẹ̀ ló máa ń wí.

Bàbá mi ńkọ́? Ọmọ Òṣogbo ni, ọmọ ilé aláró, tí kò mọ ọ̀nà oko rí. Iṣẹ́ ìjọba ló ń ṣe. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, inú abọ́ ọbẹ̀ ló ti ń pàdé ọgbà wa. Nígbà tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀, wọ́n gbé e lọ sí ọ́fíìsì ní Òṣogbo, ó wá di ẹni tó ń wálé ní òpin ọ̀sẹ̀. Bóyá orí rédíò ló ti gbọ́ ọ pé kí ọkọ máa ran ìyàwó lọ́wọ́, bóyá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló sọ fún un, èmi ò mọ̀. A ṣáà rí i ní Sátidé kan tó jáde láti yàrá pẹ̀lú bàtà òjò àti àdá tuntun tó ń kọ mànà, ó ní láti ọjọ́ náà lọ, òun àti ìyàwó òun ni yóò máa pín iṣẹ́ ọgbà ṣe.

Ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ pínpín yẹn tàn yín jẹ. Bàbá mi ló ń pàṣẹ, àwa ọmọ ló ń ṣe é, ìyá mi ló ń tún un ṣe lọ́jọ́ Ajé.

Kí àkùkọ tó kọ ni yóò ti máa gbá ilẹ̀kùn wa. Ó fẹ́ kí ẹ̀fọ́ tò lórí ìlà bí ọmọ iléèwé, okùn ló sì fi ń wọ̀n ọ́n. Èyí tó bá yà kúrò lórí ìlà, fífà ni. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe fa ẹ̀fọ́ odù tu pátápátá, ó ní ohun tí ẹnikẹ́ni kò gbìn, koríko ni. Ọmọ tó bá yọ́ lọ ṣeré ṣúwẹ̀, yóò fi ìka kan kanlẹ̀, yóò gbé ẹsẹ̀ kan sókè, títí itan rẹ̀ yóò fi máa gbọ̀n. Ìyá mi á ní, “Bàbá Fọlákẹ́, ẹ rọra o,” kò sì ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èmi ni Fọlákẹ́ yẹn.

Ohun tó ń bí mi nínú jù nígbà yẹn, tó sì ń bí mi nínú di òní, ni ìkíni. Láràárọ̀ ni ìyá mi ń wà nínú ọgbà náà kó tó lọ sí ṣọ́ọ̀bù tó ti ń ránṣọ, kò sẹ́ni tó kí i kú iṣẹ́. Ṣebí iṣẹ́ rẹ̀ ni. Bàbá mi á gbé àdá lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, orí àwọn aládùúgbò á máa yọ lókè ògiri. “Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá Fọlákẹ́! Irú ọkọ yìí ṣọ̀wọ́n!” Ìyá Kàmọ́rù tí ilé rẹ̀ kángun sí tiwa á fi kún un pé, “Màṣálláhù! Ọlọ́hun á jẹ́ ká rí irú yín fẹ́ fún ọmọ wa.” Bàbá mi á fa áńkáṣíìfù yọ, á máa nu ojú tí kò tíì làágùn.

Ọdún tí mò ń wí yìí, ìyá mi ti yọ iṣu tuntun. A gún iyán, Bàbá mi jẹ ẹ́ títí ó fi tú bẹ́líìtì. Kò bèèrè ibi tí iṣu náà ti wá. Kò pẹ́ sí i, àbúrò ìyá mi obìnrin bímọ ní Òṣogbo, ìyá mi sì lọ bá a wẹ ọmọ. Ọjọ́ Jímọ̀ ló lọ. Ó ní kí n máa bomi rin ẹ̀fọ́, kí ẹnikẹ́ni má sì fọwọ́ kan ebè. Ojú ọ̀nà ni òun àti Bàbá mi ti kọjá ara wọn.

Nígbà tó di àárọ̀ Sátidé, Bàbá mi dúró nídìí ebè kan, ó fi àdá gbẹ́ ẹ, kò bá iṣu. Ó gbẹ́ òmíràn, kò bá iṣu.

“Ìyá yín ti wa iṣu tán, ó wá fi pàǹtí sílẹ̀ lórí igi,” ó ní. “Ẹ jẹ́ ká bá a palẹ̀ rẹ̀ mọ́ kó tó dé, ká gbin àgbàdo síbẹ̀. Inú rẹ̀ á dùn.”

Mo sọ̀rọ̀. Mo ní, “Bàbá, Màmá ní kí a má fọwọ́ kàn án o. Orí iṣu wà nínú ẹ̀.”

Ó wò mí, ó ní ọ̀lẹ ló ń bá mi jà. Ó ní kí n lọ kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga, kí n na ọwọ́ méjèèjì sókè. Ibẹ̀ ni mo wà tí mo ń wò ó. Ó fa ìtàkùn lulẹ̀, ó hú orí iṣu tòun ti gbòǹgbò, ó tẹ́ ebè pẹrẹsẹ. Ọmọ iṣu ti ń yọ lára àwọn orí náà, wọn ò tíì ju àtàǹpàkò mi lọ. Àbúrò mi kó gbogbo rẹ̀ sínú abọ́ ńlá, Bàbá mi sì dà á sí àwọn ewúrẹ́ Ìyá Kàmọ́rù láti orí ògiri. Kí wọ́n tó ní kí n dìde, àwọn ewúrẹ́ ti jẹ ẹ́ tán.

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni ìyá mi dé. Bàbá mi fà á lọ́wọ́ lọ sí ẹ̀yìnkùlé bí ẹni tó fẹ́ fi ẹ̀bùn hàn án. Ìyá Kàmọ́rù ti wà lórí ògiri tirẹ̀, ó ń retí kí ọpẹ́ bẹ̀rẹ̀.

Ìyá mi wo ilẹ̀ tó tẹ́ pẹrẹsẹ. Ó ní, “Uṣu Yèyé mi dà?” Bí ọ̀rọ̀ bá ká a lára, Ìjẹ̀ṣà ló máa ń jáde lẹ́nu rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

“Ṣebí o ti wà á tán?” ni Bàbá mi wí.

Nígbà tí mo sọ fún un pé ewúrẹ́ ti jẹ orí iṣu, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú aṣọ ìrìnàjò lára rẹ̀, ó sì figbe ta. Kò bú ẹnikẹ́ni. Ohun kan náà ló ń wí ṣáá: “Ẹ ò bèèrè! Bàbá Fọlákẹ́, ẹ ò tiẹ̀ bèèrè!”

Ìyá Kàmọ́rù ní, “Ìyá Fọlákẹ́, ọpẹ́ lẹ jẹ o. Ìdí ayò ni ọkọ ẹlòmíràn wà báyìí.”

Ọ̀rọ̀ náà dé etí ẹ̀gbọ́n Bàbá mi, àgbàlagbà kan tí a ń pè ní Bàbá Òṣogbo. Ó wọ mọ́tò wá, ó jókòó sí pálọ̀ láàárín àwọn àgbà àdúgbò, ó ní òun gbọ́ pé ìyàwó ń jágbe mọ́ ọkọ nítorí iṣu. “A kì í fi igbe san oore,” ó ní. “Ọlọ́hun ò fẹ́ aláìmoore. Ọkùnrin ro ọgbà fún ọ, ò ń sunkún iṣu. Ṣé kò sí iṣu lọ́jà ni?” Ó ní kí ìyá mi kúnlẹ̀, kó bẹ ọkọ rẹ̀, kó sì dúpẹ́ iṣẹ́ tó ṣe.

Ìyá mi kúnlẹ̀. Ó bẹ̀ ẹ́. Ó dúpẹ́. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni mo wà, inú bí mi débi pé n kò lè jẹun alẹ́, ọbẹ̀ ẹja sì ni o. Àwọn àgbà ló ní àṣejù ni baba àṣetẹ́. Nínú gbogbo àgbà tó jókòó sí pálọ̀ wa lọ́jọ́ yẹn, kò sí èyí tó rántí òwe náà.

Àgbàdo Bàbá mi gbó dáadáa. Ó pín in káàkiri àdúgbò, wọ́n tún yìn ín. Nígbà tí ọyẹ́ fi máa dé, ọgbà ti sú u, aláǹtakùn ti gba bàtà òjò rẹ̀. Ìyá mi padà lọ sí oko Yèyé, ó bi àwọn àbúrò rẹ̀, ó bi àwọn tó ń dáko nítòsí. Kòkó ló bá. Bí a bá jọ lọ sọ́jà, á gbé iṣu, á gbé e súnmọ́ imú, á tún gbé e sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi ń ṣe bẹ́ẹ̀ kó tó jáwọ́.

N kò ní purọ́ mọ́ Bàbá mi, kì í ṣe ìkà. Ó fẹ́ràn ìyá mi. Ìyẹn gan-an ló ń bí mi nínú. Ẹni tó fẹ́ràn rẹ ba nǹkan rẹ jẹ́, wọ́n wá ní kí o dúpẹ́.

Lónìí, wọ́n ní ayé ti yàtọ̀. Àwọn ọmọ wa kò mọ ebè mọ́. Inú ọ̀rá ni wọ́n rò pé ẹ̀fọ́ ti ń hù. Kò sẹ́ni tó ń kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga, kànga gan-an ò sí. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tó bá fọ abọ́ kan ṣoṣo, fọ́tò rẹ̀ á ti dé orí fóònù, gbogbo ayé á máa pàtẹ́wọ́ fún un. Ìyẹn ò tíì yí padà.

Bàbá mi ti di olóògbé. Òṣogbo ni mo wà nílé ọkọ, ìyá mi sì ń gbé lọ́dọ̀ mi. Lọ́dún tó kọjá, mo yọjú láti ilé ìdáná, mo rí ọkọ mi pẹ̀lú àdá lọ́wọ́ nínú ọgbà kékeré tí mo ní lẹ́yìn ilé. Ara mi gbóná. Mo sáré jáde tòun ti ṣíbí ọbẹ̀, mo ti ya ẹnu láti pariwo. Kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ti yíjú sí ìyá mi tó jókòó sórí àga.

“Màmá, ẹ jọ̀ọ́, èwo ni kí n má fọwọ́ kàn?”

Ìyá mi dìde, ó sì mú un káàkiri: gbúre nìyí, ẹ̀bọ̀lọ̀ nìyí, koríko nìyẹn. Inú mi dùn sí ọkọ mi, mi ò ní sẹ́. Síbẹ̀ omijé ìbínú ló ń bọ́ lójú mi níbi tí mo dúró sí. Bó ṣe rọrùn tó náà nìyẹn? Ohun tí Bàbá mi kò ṣe ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn, tí wọ́n tún fi ní kí ìyá mi kúnlẹ̀ dúpẹ́, kò ju èyí náà lọ?