Ẹ Jọ̀ọ́ Tó Bọ́ Lẹ́nu Ìyá Mi

Títí di òní, bí mo bá gbọ́ tí ẹnìkan l'Abidjan ní "éjó," ó máa ń rí mi lára. Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá. Ẹnu ìyá mi ni.

Àwo tánganran ni ìyá mi ń tà lọ́jà Treichville, l'Abidjan níbẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ẹ̀ṣọ́ ọjà kan tí kò ju ọmọ ogún ọdún lọ gbẹ́sẹ̀ lé ẹrù rẹ̀, ó ní ó pàtẹ sójú ọ̀nà. Ìyá mi ò gbọ́ Faransé. Ó kúnlẹ̀ sínú omi ẹja tó ń rùn, ó ń pawọ́ pọ̀: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jọ̀ọ́." Ọmọ tó lè bí ló ń pè ní "ẹ" yẹn. Àwọn tó ń pèrò sí takisí nítòsí ibẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Èmi dúró lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú àpò ìwé mi.

Kóṣù tó parí, ẹ jọ̀ọ́ ìyá mi ti di "éjó" lẹ́nu wọn, ẹnikẹ́ni tó bá ń bẹ̀bẹ̀ ni wọ́n sì ń pè bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ẹyin lọ̀rọ̀. Ti ìyá mi bọ́ sílẹ̀, kò tilẹ̀ fọ́, ńṣe ni wọ́n ń gbá a kiri àdúgbò. Ó dé àdúgbò Marcory, ó dé ilé ẹ̀kọ́ wa. Ojo ni éjó, ọ̀dẹ̀ ni éjó. Ẹ̀rín ẹlẹ́gbin tó máa ń tẹ̀ lé e gan-an ni mo kórìíra jù.

Èmi náà sì sọ ọ́. Ànàgó, orúkọ tí wọ́n ń pe àwa Yorùbá níbẹ̀, ni wọ́n ń pè mí ní kíláàsì, wọ́n á yínmú sí mi. Ọjọ́ tí mo pe ọmọbìnrin kan ní éjó, gbogbo wọn bá mi rẹ́rìn-ín, ó sì dùn mọ́ mi. Mo délé, mi ò lè wojú ìyá mi. Ara mi kó mi nírìíra.

Láti ìgbà náà, ohun tí mò ń sá fún ni kó mọ̀ pé ẹnu òun ni ọ̀rọ̀ náà ti jáde. Tó bá bi mí pé kí làwọn ọmọ yìí ń wí, màá ní Faransé ni.

Ó tó ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, obìnrin kan gbé àwo tó fọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ wá, ó ń bẹ̀ wá ṣáá pé ká gbà á padà. Nígbà tó lọ, ìyá mi pòṣé.

"Éjó lásánlàsàn," ló wí. Ó wá yíjú sí mi, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ṣé o rí i pé mo ti ń gbọ́ Faransé wọn?"

Mo ní, "Ẹ ti ń gbọ́ ọ, Màámi."

Inú rẹ̀ dùn. Ọ̀rọ̀ Faransé kan ṣoṣo tó kọ́ títí tó fi kú nìyẹn.