Ọkùnrin Tó Ń Kú Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dé ilé bàbá òyìnbó tí wọ́n ní kí n máa tọ́jú ní Stapleton, nílùú ọba, díẹ̀ ló kù kí n padà sẹ́yìn. Mo mọ ojú yẹn! Nígbà tí mo wà lọ́mọdé ní Abẹ́òkúta, inú tẹlifíṣọ̀n wa ló ti máa ń kú. Wọ́n á yìnbọn pa á lónìí, tó bá di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, á tún dé fìlà mìíràn wọlé. Kò ṣe olórí eré rí. Òun ṣáà ni wọ́n máa ń pa. Ìyá àgbà wa á pariwo: "Ẹ pa nǹkan yìí! Àkúdàáyà ni!"

Àkúdàáyà ni ẹni tó kú níbì kan, tó tún lọ ń gbé níbòmíràn. Ìyá àgbà ní ọjọ́ tí ẹni tó mọ̀ ọ́n bá dá a mọ̀ ló máa pòórá. Àgbà bíi tèmi, ṣé ó yẹ kí n ṣì gba irú ẹ̀ gbọ́? Ẹ̀rù ṣáà ń bà mí.

Kò sẹ́ni tó rántí bàbá náà mọ́. Lójoojúmọ́, bí mo bá ti gbé tíì fún un, á ní, "Ṣé o ti rí mi rí?"

"Rárá o, Bàbá."

Á yíjú sí fèrèsé. Irọ́ yẹn ń gún mi lọ́kàn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó bi mí lẹ́ẹ̀mẹta, omi ti lé ròrò sójú ẹ̀. Àánú ṣe mí, inú tún bí mi. Irú wàhálà wo nìyí? Mo gbé ife kalẹ̀.

"Mo mọ̀ yín, Bàbá. Mo rí yín lọ́jọ́ tẹ́ ẹ kú sẹ́nu ọ̀nà ilé ọtí. Ọwọ́ òsì lẹ fi di ilẹ̀kùn mú."

"Ọwọ́ òsì!" Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún. Ó ní kí n tún un sọ. Mo ń tún un sọ títí tíì fi tutù.

Nígbà tí mo dé láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n ti ká aṣọ orí bẹ́ẹ̀dì. Obìnrin tó máa ń tọ́jú ẹ̀ lóru sọ pé ìdájí ló kú. Ó ní ọwọ́ òsì ẹ̀ di irin bẹ́ẹ̀dì mú, agbára káká làwọn fi tú u. Mo gbé! Ẹnu mi ló kó bá a.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo tan tẹlifíṣọ̀n nílé mi. Ọkùnrin kan dé fìlà wọlé, ó dúró, ó ń wo ọ̀kánkán mi bí ẹni tó ń wá ojúlùmọ̀.

"Rárá o, Bàbá," ni mo wí. "Mi ò rí yín rí."